Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Nọ́ọ̀sì Phebe

Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi ohun tí kò lè sọ lójú mi, mo sì rí i lójú ìyàwó mi nígbà tó padà wọlé. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ yí ibùsùn mi ká, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Èmi Barnabas Béjidé, ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ẹ ń pè ní olóòótọ́ nínú ìjọ, èmi ni mo fa ikú Títílọpẹ́, ìyàwó ilé kan láti Itagunmodi. Mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi Silas Ọlọ́rundáre, ọmọ Iléṣà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé bí NEPA bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn. Silas kò fẹ́ tà á. Ó ní, "Barnabas, ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó dà á kọ lọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì dá a padà fún gbogbo wa." Ètò Àjùmọ̀ní ló sọ ọ́. Èmi ló ní kí n kọ ìwé àlàyé rẹ̀, kí n sì gbèrò bí yóò ṣe dé àwọn ilé ìwòsàn yòókù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Inú mi kò dùn. Bí a bá jọ wọ ibì kan, Silas ni wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́, èmi ni wọ́n ń kó báàgì lé lọ́wọ́. Owú ni, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un. Silas ti ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà lè dákú nígbà mìíràn, tí jẹnẹrétọ̀ kò ní tan àfi bí èèyàn bá yí súìṣì kékeré kan lẹ́yìn àpótí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, "Fi èyí síwájú ìwé o, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀." N kò kọ ọ́ rárá. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀, èmi ni wọn yóò sáré pè. Nígbà tó bi mí, mo ní, "Mo ti kọ ọ́." Ó gbà mí gbọ́, kò tilẹ̀ ṣí ìwé náà wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, tẹlifóònù dún ní ọ́fíìsì mi ní Òṣogbo. Nọ́ọ̀sì Phebe ló ń pè láti ilé ìwòsàn kékeré kan ní Iléṣà, níbi tí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sí. "Ọ̀gá Barnabas, ẹ gbà wá! Iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́, aboyún ni. NEPA ti mú iná, kọ̀ǹpútà ò dáhùn, jẹnẹrétọ̀ ò tan. Mo ti ka ìwé yín látòkèdélẹ̀, n ò rí nǹkan kan. Kí ni ká ṣe?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n Silas àti ọ̀gá wa àgbà jókòó tì mí. Bí mo bá sọ ọ́, Silas yóò bi mí ìdí tí kò fi sí nínú ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi, bàbá ọmọ, sọ. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀." Silas ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Kò le. Wọ́n kàn ní kí n yọjú ni." N kò tíì lọ o. Mo yà sí yàrá kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ojú ìwé tí mo fò náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ká a sápò. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni Títílọpẹ́ ń kú lọ.

Nígbà tí mo dé Iléṣà, ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìkókó mọ́ra, kò sunkún. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, wọn kò rí i. Mo yí súìṣì náà, iná tàn yòò. Bí wọ́n ti ń gbé òkú jáde, mo ki ojú ìwé náà sáàárín ìwé àlàyé tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà ìwádìí, mo ṣí i níwájú gbogbo wọn. "Ó wà níbí. Wọn ò kà á ni." Phebe gba ìwé náà, ó wò ó, ó wò mí. "Mo ka gbogbo ẹ̀, sà. Àbí ojú mi ló fò ó?"

Mo ní, "Ojú yín ló fò ó, Sista."

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà pé òun ló pa obìnrin náà. Ìfẹ̀wàrà ló wà báyìí, ó ń dáko. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá ní kó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń sọ pé òun ò mọ̀wé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ tán fún ẹni tí yóò lò ó. Silas, jọ̀ọ́, lọ bá Phebe kí ilẹ̀ tó ṣú, kó o sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Lẹ́yìn náà, kó o lọ sọ ọ́ fún ọkọ Títílọpẹ́ ní Itagunmodi. Ẹ dárí jì mí, gbogbo yín. Ṣùgbọ́n bí Phebe bá ní òun ò dárí jì mí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ ẹ́.