Áyódìn Tí Mo Fi Sọ́wọ́ Ìyá Sikírù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè gbé ojú sókè níwájú yín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń dán ìtọ́jú gẹ̀gẹ̀ kan wò ni mo ti ń sìnrú ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Aláìsàn á kọ́kọ́ mu òògùn onítànṣán díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán ọrùn rẹ̀. Bí ọrùn bá gba òògùn náà, wọn á fún un ní púpọ̀ tí yóò jó gẹ̀gẹ̀ náà láti inú. Bí kò bá gbà á, wọn á yọ orúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo mú Ìyá Sikírù, aláró kan ní Ìtòkú, wá. Gẹ̀gẹ̀ náà kì í jẹ́ kó rí oorun sùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ orúkọ rẹ̀, mo rí i pé sódà aró ti jẹ ọwọ́ rẹ̀. Àánú ṣe mí. Mo fi áyódìn kun ún, mo sì fún un ní ìgò náà lọ sílé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́pà mi, ọrùn ni mo gbé wá, ọwọ́ lò ń tọ́jú."

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán, òfìfo ni. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé áyódìn ni òògùn onítànṣán tiwọn náà. Ọrùn rẹ̀ ti mu tèmi yó, kò sáyè fún tiwọn.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà. "Ìwọ tó o kàwé," ló wí. Ó ní yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí áyódìn tó kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òògùn tó kẹ́yìn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, agbára ìtànṣán rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó kú.

Mo gbààwẹ̀, mo sì gbàdúrà kí Ọlọ́run dá òògùn náà dúró lọ́nà. Oúnjẹ ò tilẹ̀ wù mí jẹ. Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù bà mí, mo kórìíra ara mi. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Sikírù, ó na ọwọ́ sí mi: "Wò ó, ó ti jinná. Má sunkún mọ́."

Ará, òògùn náà há sí pápá ọkọ̀ òfuurufú títí agbára ìtànṣán rẹ̀ fi kú. Wọ́n ní láti béèrè òmíràn. Nígbà tó fi dé, ọrùn Ìyá Sikírù ti mọ́. Wọ́n tún ya àwòrán rẹ̀, ó tàn. Ó mu òògùn náà, ó ti ń sùn báyìí.

Ṣùgbọ́n bàbá kan láti Kọ́bapẹ́ wà lára àwọn tó ń dúró de òògùn tó há yẹn. Ó kú kí òmíràn tó dé. Ìdádúró tí mo fi àdúrà wá ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀ nítorí Ìyá Sikírù. Bí ẹ bá yọ̀ tán, ẹ má tíì jókòó. Ìyàwó bàbá náà ṣì wà ní Kọ́bapẹ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi débẹ̀.