Bí Mo Ṣe Ṣe Ògbufọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀. O máa ń sọ pé àárò ilé ló pa bàbá rẹ. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Nígbà tí omíyalé Ògùnpa gbé ilé rẹ̀ lọ lọ́dún 1980, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi níbí ní Rumuigbo, níbi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ pijin. Bí òjò bá ti ṣú, á di ẹrù rẹ̀, á jókòó ti ilẹ̀kùn. Dagogo nìkan, aládùúgbò mi ará Kàlàbárì, ló ń pa á lẹ́rìn-ín, torí omi ti gba ilé tirẹ̀ náà rí. Ọdún méje lèmi àti Dagogo ti jọ ń gbọ́ ìròyìn rédíò nírọ̀lẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ẹ̀gbọ́n mi ni Dagogo ń béèrè bó bá ti wọlé. Èmi di ògbufọ̀ lásán. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ó tún wá bá mi dé ojúde ara mi! Ìlara gbé mi wọ̀, èmi àgbàlagbà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Dagogo ní, “Láńre, tell your broda say ground dey my yard. Make e come plant yam.” Ilẹ̀ tí yóò fọwọ́ kàn, tí yóò gbin iṣu sí, sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ẹkún yín ti sú òun. Kí ẹ má wá sí àgbàlá òun mọ́.”

“Ó sì ń rẹ́rìn-ín?”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, bọ̀ọ̀dá mi.”

Ó wolẹ̀ títí. “Sọ fún un pé ó ṣeun.”

Mo kọjú sí Dagogo: “E say e no go touch stranger ground.”

Dagogo dìde, ó lọ. Kò sì padà wá gbọ́ rédíò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò jáde ní yàrá mọ́. Á ní, “Láńre, ta ni kí n bá sọ̀rọ̀?” Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ ńkọ́? Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ló kú.

Lánàá ni mo tó jẹ́wọ́ fún Dagogo. Ó ní òun kọ́ ló ni ìdáríjì náà. “Write the pikin. Dis time, no change anything.”

N kò yí nǹkan kan padà. Dárí jì mí.