Èmi Ni Mo Ṣe Orin Ẹsẹ̀ Brandur

Ẹ̀yin ará Ternuvík, ẹ̀yin ará Hellunes lódìkejì omi, gbogbo erékùṣù Fàró pátá, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde kí n tó lọ. Orin ẹsẹ̀ Brandur tí ẹ ti ń kọ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èmi Elspa tó ń fọ jẹ́sì ni mo ṣe é. Kì í ṣe Mikkjal. Kò sí ọwọ́ Mikkjal níbẹ̀ rárá. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ó ti rẹ ọkàn mi, kí n má gun òkè mọ́. Mo ní, "Dókítà, níbo ló wà nílùú yìí tí kì í ṣe òkè?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi, nítorí mo rí i pé tí mo bá kú láìsọ̀rọ̀, ọkùnrin méjì kò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, èmi ni mo sì fà á.

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, nípa iṣẹ́ aṣọ fífọ. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Aṣọ fífọ kò le. Omi gbígbóná, ọṣẹ, kí èèyàn sì so jẹ́sì mọ́ okùn dáadáa, kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ wọ àgùntàn onílé kejì lọ́rùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àgùntàn náà wọ jẹ́sì aṣọ́lé, a sì lé e títí dé etí òkun. Ó tán nípa aṣọ fífọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi.

Èmi ni mo tọ́ Brandur. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i, ó sì kú, mo gbé ọmọ sọ́dọ̀. Kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ló ti ń gbá ọ̀dùnkún káàkiri ilé ìdáná mi. Gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe ni mo máa ń fi orin sí, orin tèmi ni ọmọ náà sì fi kọ́ bọ́ọ̀lù:

Brandur, rọra, má sáré,
Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá ẹ;
Wo ọ̀tún, wo òsì,
Gbé e fún ẹni tí ebi ń pa.

Àárín pápá ló ń gbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, ẹ mọ̀. Kì í sáré bí ẹni tí ilé ń jó. Á dúró, á gbọ́rùn sókè, á gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á wá rọra yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lọ síbi tí ẹnì kankan kò rò. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń gbá a sókè, afẹ́fẹ́ á gbé e jù sínú òkun, bàbá tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣa bọ́ọ̀lù á sì ṣíkọ̀. Bàbá yẹn máa ń ṣàròyé fún mi pé, "Elspa, bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀ o. Tí Brandur bá wà nínú pápá, mi ò ríṣẹ́ ṣe!" Ẹ wo bí inú mi ṣe ń dùn! Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Mikkjal máa ń wà, aṣọ́lé wa, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. Tí Brandur bá pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, Mikkjal á pariwo láti ẹnu ilé, "Brandur, ṣé o ti sùn ni?" Òun náà á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn, "Di ilé ẹ mú jàre, ẹlẹ́nu gbọọrọ!" Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nìyẹn títí orílẹ̀-èdè fi pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń bú ara wọn lọ́hùn-ún náà.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n bá orílẹ̀-èdè ńlá kan gbá a. Ẹnikẹ́ni kò gbá a wọlé, eré sì fẹ́ẹ̀ parí, ni rẹfirí bá fún wa ní pẹ́náritì. Brandur ló máa ń gbá a. Gbogbo wa dìde níwájú tẹlifíṣàn. Àfi bí mo ṣe rí ọmọ mi tó jókòó sílẹ̀, tó di ẹsẹ̀ mú, tó ń ju ọwọ́ sí dókítà. Ẹlòmíràn gbá a, ó gbá a sókè, àwọn tọ̀hún sì gbá tiwọn wọlé kété lẹ́yìn náà. Gbogbo ìlú ló káàánú ẹsẹ̀ Brandur. Wọ́n gbé ẹran gbígbẹ wá fún un, wọ́n gbé jáàmù wá.

Nígbà tó dé, ó jókòó síwájú mi nílé ìdáná, ó yọ báńdéèjì náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wo bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò rí ọ̀nà mọ́." Ó ń sunkún. Mo fi epírọ́ọ̀nù mi nu ojú ẹ̀. Mo ní, "Ó ti tán. Kò ní jáde nínú ilé yìí." Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ. Ó ní èmi àti Mikkjal nìkan lòun sọ fún.

Ohun tó bí mi nínú kò ju èyí lọ. Ó ti máa ń sọ fún mi láti kékeré pé jẹ́sì wa lòun máa wọ títí òun á fi bọ́ bàtà. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ló sọ fún mi pé, "Elspa, kú ìpàdánù o. Wọ́n ní Brandur ti lọ fọwọ́ síwèé pé òun á máa gbá bọ́ọ̀lù fún Hellunes." Hellunes! Àwọn tó máa ń fi wá ṣẹ̀sín! Jẹ́sì ẹ̀ gan-an ni mo ń so mọ́ okùn lọ́wọ́. Kì í ṣe lílọ tó lọ ló dùn mí jù. Pé ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu oníbúrẹ́dì ni, èmi tí mo gbé e pọ̀n. Mo rò pé ó ti tà mí. Mo dúró nídìí okùn aṣọ, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra ẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ṣe ohun ẹ̀rín láàárín ọdún, orin ń dúró dè é nílé ijó. Ọkùnrin méjì tó lágbára á di í lọ́wọ́ mú, òun náà á bá wa jó yípo títí orin á fi tán. Tó bá fara dà á, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, a ó fún un ní ọtí. A kì í béèrè ẹni tó ṣe orin. Ibẹ̀ ni mo fara pa mọ́ sí.

Mo gbé orin náà lọ fún Dánjal, tó máa ń léwájú orin nígbà náà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Mo kọ ọ́ sí i létí. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dá lórí Hellunes, Dánjal rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí mo dé apá tó kẹ́yìn, ó fi ògiri sílẹ̀. Apá náà rèé:

Ẹsẹ̀ Brandur, ẹsẹ̀ ọba,
Ó ń jó, ó ń fò káàkiri;
Rẹfirí nawọ́ sí pẹ́náritì,
Ẹsẹ̀ ní, "Ara mi ò yá."
Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹsẹ̀ o,
Ẹ̀rù ló ń bà á, kò dùn ún.

Dánjal ní, "Elspa, ṣé òótọ́ lèyí?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Yọ ọ́ kúrò. Ti Hellunes yẹn tó wa láti fi rẹ́rìn-ín." Mo ní, "Ibẹ̀ ló dùn jù! Tí o ò bá kọ gbogbo ẹ̀, mo máa gbé e fún ẹlòmíràn." Ojú ìgbéraga ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, èmi àgbàlagbà tí kò nítìjú.

Nílé ijó lọ́jọ́ náà, Mikkjal ló di ọwọ́ ọ̀tún Brandur mú. Kò mọ ohun tó wà nínú orin. Ó rò pé eré Hellunes lásán ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ò lè sá lónìí, ọ̀dàlẹ̀!" Brandur náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó. Gbogbo ẹsẹ̀ wa ń lu pákó gbì, gbì, gbì. Ìgbà tí Dánjal kọ "Ara mi ò yá," mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ lọ kúrò lójú ọmọ náà. Ó yíjú wo Mikkjal. Mikkjal kò tíì lóye, ó ṣì di í mú gírígírí, ó sì ń fà á yípo. Ilé ń mì. Gbogbo èèyàn ti ń gba orin ọ̀hún lẹ́nu Dánjal, wọ́n ń gbè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú: inú mi ń dùn. Orin tèmi, lẹ́nu gbogbo ìlú! Èmi ni ohùn mi ga jù. Brandur já ọwọ́ ẹ̀ gbà, ó sì jáde láì mú kóòtù.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá. Ọjọ́ kejì ló burú jù. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ó ní, "Àǹtí, èèyàn méjì ni mo sọ fún. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Kò lè jẹ́ ẹ̀yin." Kò bi mí. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí tí eyín bá ń dùn ún. Ẹnu mi ti là láti sọ òótọ́. Ẹ̀rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀rù tí mo fi kọrin bú u gan-an ló ba èmi náà. Mo ní, "Mo rí Mikkjal àti Dánjal nídìí ọkọ̀ níjẹta. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́." Irọ́ ni. Mi ò rí ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó fẹnu kò mí lórí, ó lọ.

Orin náà sọdá omi ṣáájú ẹ̀. Tó bá ti gba bọ́ọ̀lù lórí pápá, àwọn ará ìbòmíràn á máa fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Àwọn ará Hellunes pàápàá kọ ọ́ sí i létí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè tún pè é, ó ní òun kò ní wọ jẹ́sì tí Mikkjal bá wọ mọ́. Ó lọ sí Dẹ́ńmáàkì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí ó fi bọ́ bàtà. Ó máa ń pè mí lórí fóònù nígbà Kérésì. Mikkjal kọ̀wé sí i títí, kò rí èsì. Nílùú wa, àwọn kan ṣì ń pe Mikkjal ní ẹlẹ́nu jíjò títí di òní, òun tó ń gbé ẹja wá fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé, ó ní, ìyá ọ̀rẹ́ òun ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ha ẹja nílé ìdáná mi, ó ní, "Àǹtí Elspa, wọ́n ní Brandur ń bọ̀ fún ayẹyẹ. Ṣé ẹ rò pé ó máa kí mi?" Mo jókòó. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò gbójú sókè. Ó ha ẹja náà tán, ó fọ ọ̀bẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi dì í mú fún yín nílé ijó." Ó jáde. Tíì ẹ̀ tutù sórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, kò tíì yà mọ́, mo sì mọ̀ pé ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí orin bá ń dùn lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sọ́wọ́ yín, kí ló sì fẹ́ kí ẹ fi í ṣe. Èmi kò bi ara mi. Mikkjal, dárí jì mí, tó bá ṣeé ṣe. Ìwọ Brandur, ọmọ mi, tí ọkọ̀ bá gbé ẹ dé, má gun òkè wá sọ́dọ̀ mi. Ilé Mikkjal ni kí o kọ́kọ́ yà. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì jọ bú mi, kí ẹ bú mi dáadáa, kí ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Tí mo bá gbọ́ pé ẹ̀yin méjèèjì wà nídìí tábìlì kan tí ẹ jọ ń bú Elspa, ó tó mi.