Ayùn Tí N Kò Fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin ará ilé mi, kí ìtìjú tó tún pa mí lẹ́nu mọ́. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé àbúrò mi tí gbogbo yín bá a dárò, èmi ni mo pa á.

Ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín ilé wa. Ọjọ́ kan náà ni Bàbá fún wa ní kóró máńgòrò kọ̀ọ̀kan. Tèmi ń so díẹ̀, ó tún kan. Tirẹ̀ ń so tí ẹ̀ka fi ń wọ́ nílẹ̀. Bí Ìyá wa bá wá, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń sùn, ṣùgbọ́n máńgòrò àbúrò mi ló máa ń jẹ. Á lá ìka, á ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí dáa." Èmi tí mo dáná, tí mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣé ọwọ́ tèmi burú ni? Owú jẹ mí dé eegun.

Nígbà tó yá, tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Èèpo rẹ̀ dúdú, ó ń sun oje, olú hù sí i lára. Mo ń gé ẹ̀ka tó ti rà lọ́wọ́ ni àbúrò mi yọjú lórí ọgbà, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun gé ẹ̀ka tó ń ha òrùlé òun. Bàbá kọ́ wa pé ayùn tó bá ti kan igi tó ń jẹrà, ọṣẹ àti omi gbígbóná la fi ń fọ̀ ọ́ kó tó kan òmíràn, kí àrùn má baà ràn. Àbúrò mi rántí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fọ ayùn?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?"

Ó tọrọ àforíjì, ó tún bá mi di àkàbà mú. Ẹ wo ìkà. Mo fi ayùn náà gé ẹ̀ka náà láìfọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ha èèpo ìdí igi, níbi tí kò sí ohun tí mo fẹ́ gé.

Nígbà tí igi náà gbẹ, àbúrò mi ń sunkún, ó bi mí pé kí lòun ṣe. Ìdáhùn mi burú ju ayùn lọ. Mo ní, "Bóyá ọwọ́ rẹ ò dáa mọ́." Láti ìgbà náà, kò gbin nǹkan kan mọ́, títí kan ewébẹ̀.

Lánàá, ẹnìkan fún un ní igi máńgòrò kékeré kan. Ó gbé e wá fún mi, ó ní, "Ẹ bá mi gbìn ín. Ẹ̀yin lọwọ́ yín dáa."

N kò lè gbìn ín. Àbúrò mi, bí o kò bá lè dárí jì mí, má dárí jì mí. Igi náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ti bomi rin ín. Wá fọwọ́ ara rẹ gbìn ín.