Àpótí Tí N Kò Lè Jókòó Lé

Alága wa, àti Olùkọ́ àgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo káàdì inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà abúlé, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gbálẹ̀, tí a jọ ń nu eruku láìgba kọ́bọ̀, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjókòó yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ìdágbére mi lónìí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣọ́ ilé yìí lórí ìdúró. Ẹ máa ń sọ pé, "Ìyá yìí mà lágbára o, kì í jókòó." Ta ló sọ fún yín pé mo lágbára? Ẹ bi orúnkún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ṣílé yìí, mo gbé àpótí ìdáná mi wá láti ilé, kí n lè rí nǹkan jókòó lé. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ ẹni tó tẹ abúlé yìí dó, mo lọ bu omi. Kí n tó dé, Olùkọ́ ti lẹ káàdì mọ́ ọn: "Àpótí Ìjókòó Ẹni Tó Tẹ Abúlé Yìí Dó." Àwọn àgbà ti ń ṣí fìlà fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lanu? Mo ní tó bá dọ̀la, màá sọ. Ọ̀la yẹn ló dòní. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé òmíràn wá, kí òun náà má baà gba káàdì. Olùkọ́ tún ń sọ fáwọn ọmọ iléèwé pé iná ogun ló jó o lójú. Ẹ dárí jì mí, sà. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ mi ni.

Àbẹ́ ò rí nǹkan, ẹ̀rín lẹ ń rín! Ojú yín ló sì ń bà mí lẹ́rù jù láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún, mo ní kí n má dúró dè é. Ara mi ti wá fúyẹ́.

Ilé yìí ò ní dahoro. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa ṣọ́ ọ, ẹ ò ní fi orúnkún ṣòfò. Èyí tí ẹ bá ṣì kọ, ẹ ó tètè rí i tún kọ.

Alága, ẹ bá mi yọ káàdì yẹn, kí ẹ gbé àpótí mi bọ̀. Bí mo bá ti jókòó tán, kí èmi náà gbọ́ "ẹ kú ìjókòó" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣé o.