Ẹni tí Ì Bá Mọ̀

Mo ń dúró de fọ́tókọ́pì mi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé ní àdúgbò Adébáyọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ọkùnrin kan, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, àti ìyá kan tí òun àti olóògbé jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ń jiyàn lórí pósítà ìsìnkú.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé awakọ̀ eré ìje ni?"

"Èmi ni, mà. Ṣebí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eré ìje ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ìtàn rẹ̀. Wọn ò wakọ̀ rí láyé wọn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn wá síṣẹ́ láti Òkè-Ìlá, wọ́n á tún máa bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ òpìtàn, àwọn èèyàn á rò pé ìtàn ọba ni. Awakọ̀ ló tètè yé wọn."

"Rédíò sọ nígbà kan pé òyìnbó awakọ̀ kan gba ipò kìíní nínú eré ìje, bẹ́ẹ̀ ipò kejì ló gbà. Ẹ̀gbọ́n yín lọ jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò náà títí wọ́n fi ṣàtúnṣe rẹ̀. Nítorí òyìnbó tó ti kú tipẹ́!"

"Pósítà lásán nìyí, mà. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá náà wo àwòrán olóògbé lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹni tí ì bá mọ̀ náà lẹ fẹ́ lọ sin yìí."