Ìyá Mi Sọ fún Dókítà pé Mo Ti Jẹun

Ẹ dúró ná. Ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbààwẹ̀ lórí ọmọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá mi wà ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò tíì fi omi kan ẹnu láti àná. Èmi ló ń gbààwẹ̀ fún. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó ṣí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ tì mọ́ mi, kò sì gbà pé òun ló tì í.

Awakọ̀ òfuurufú ni mí, bí a bá tẹ̀lé ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè Ọya ni mo ti gbà á. Mo dá fò níbẹ̀, mo fi bàálù kékeré balẹ̀ nínú ọyẹ́ tí ojú kò ríran jìnnà. Nígbà tí mo padà dé, ìjọ wa ṣe ìdúpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Káputéènì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tó ti fò fún wákàtí rẹpẹtẹ ni wọ́n ń wá, ta ló wá fẹ́ gbé bàálù fún ẹni tí kò tíì fò tó? Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjagun, wọ́n á máa bi mí pé, “Káputéènì, ọ̀kadà lẹ gbé wá lónìí?” Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Àfi bí ilé iṣẹ́ bàálù kan ṣe pè mí. Mo yege nínú ìdánwò wọn, ó ku àyẹ̀wò ara, torí bí dókítà kò bá fọwọ́ sí i pé ara awakọ̀ dá ṣáṣá, kò lè fọwọ́ kan bàálù. Ìyá mi ní ká gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, àwa méjèèjì, kó parí lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà gan-an. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Ṣé kì í ṣe ààwẹ̀ ló gbé wa ró láti ìgbà tí bàbá mi ti kú? Ó bá mi dé Èkó pẹ̀lú ìgò òróró nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Káputéènì, ṣé màmá náà máa bá yín wọ bàálù ni?”

Wọ́n ní kí n sáré lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo sáré díẹ̀, ojú mi ṣú. Ìgbà tí mo máa lajú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Dókítà yíjú sí ìyá mi. “Màmá, ṣé ó jẹun láàárọ̀ yìí?”

“Ó jẹun dáadáa, dókítà.”

Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré ni pé bí o bá ń gbààwẹ̀, fọ ojú rẹ, fi òróró pa orí, má jẹ́ kí ènìyàn mọ̀, kí Baba tó ń rí ní ìkọ̀kọ̀ lè san án fún ọ. Ẹ̀rù kí èrè mi má bọ́ ló bà á. Èmi ńkọ́? Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ojú sílẹ̀. Ṣé kí n já ìyá mi nírọ́ lójú àjèjì ni?

Dókítà kọ ọ́ pé mo dákú láìnídìí. Kò sí ohun tó ń ba àwọn oníṣẹ́ bàálù lẹ́rù tó ìyẹn o, torí ẹni tó dákú nílẹ̀ lè dákú lókè, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fò títí wọ́n á fi mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo padà lọ jẹ́wọ́ ààwẹ̀ náà fún dókítà. Ó ní, “Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni ǹ bá rín, ǹ bá ní kó o lọ jẹun kó o padà wá. Báyìí, màmá ẹ ní o jẹun, ìwọ ní o ò jẹun. Jẹ́ kí wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá mi. Ó ní, “Kí n lọ tú àṣírí èmi àti Baba mi fún dókítà, kí gbogbo ààwẹ̀ mi di òfo? Rárá, ọmọ mi. Ọ̀tá ló ṣe é, àdúrà la máa fi dá a padà.” Ni ààwẹ̀ òmíràn bá bẹ̀rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lórí fìríìjì, kò fọwọ́ kàn án. Dókítà ṣì ń retí rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò ní retí mi títí. Bí bàálù bá kọjá lórí ilé wa, ìyá mi á na ọwọ́ sókè pé, “Tìrẹ ń bọ̀.” Èmi náà á ṣe àmín. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ìyá mi kò gbọ́ tèmi, ẹ̀yin ló kù. Ṣebí wòlíì kan sùn lábẹ́ igi ní aginjù, áńgẹ́lì sì jí i pé kó dìde jẹun, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn? Ìyá mi ti fi ọ̀rọ̀ náà wàásù rí. Bí ọmọ yín bá ní àyẹ̀wò lọ́la, ẹ máa gba ààwẹ̀ tiyín. Bí dókítà bá bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́. Baba kò ní torí ìyẹn gba èrè yín. Àmọ́ ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é wá báyìí, kó ṣínu.